Ohùn Ìyá Rẹ tí Mo Yọ Kúrò Nínú “Ọwọ́ Ẹni”

Bọ̀sẹ̀dé ọmọ mi,

Èmi ni mo yọ ohùn ìyá rẹ kúrò nínú ètò tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ènìyàn ṣì fi ń yìn mí títí di òní. Èmi náà ni mo sọ fún ọ pé ohùn náà ti parẹ́. Kò parẹ́. Ọwọ́ mi ló wà, ó sì ti wà níbẹ̀ kí a tó bí ọ. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú ìkíni, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, ìkíni náà yóò gùn títí n ó fi rí ibi sá pamọ́ sí nínú rẹ̀.

Ó yá, mo lè kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Cardiff? Ṣé yàrá tí o gbà ń móoru? Àwa níhìn-ín dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń bá mi jà, ṣùgbọ́n mo ń rìn láti Dagenham Village dé ibi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì, mo sì ń lọ sí Barking lọ́jọ́ ọjà láti ra ata àti ẹja. Àwọn ará ìjọ ń kí ọ. Ìyá Ìjọ ní kí n sọ fún ọ pé kí o má ṣe gbé aṣọ funfun rẹ sínú àpótí títí tí kòkòrò yóò fi bá ọ wọ̀ ọ́. Mo ní n ó jíṣẹ́. Mo ti jẹ́ ẹ.

Mo mọ̀ pé o kì í yára ka Yorùbá. Ka èyí díẹ̀díẹ̀. Má ṣe fi ẹ̀rọ túmọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O ní sítúdíò yín ń ṣe ètò alátẹ̀léra nípa àwọn tí ń sin àgùntàn lórí òkè, pé bàbá arúgbó kan wà láàrin wọn tí kì í fẹ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Wales tirẹ̀ nìkan ló ń sọ. O ní ọ̀gá rẹ fẹ́ kí o wá ẹni tí yóò máa sọ Gẹ̀ẹ́sì bo ohùn bàbá náà mọ́lẹ̀.

O ní, “Daddy, kí lẹ̀yin máa ń ṣe nígbà yẹn, tí irú problem yìí bá dé?”

Mo ní, “A máa ń wo bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí.”

“Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn o, Daddy. Ẹ̀yin tí gbogbo àgbà ìjọ ń pè ní Ohùn.”

Mo bá ọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni o wá bi mí, bí ẹni tí ó kàn rántí nǹkan: “Ṣé ó dá yín lójú pé kò sí ibì kankan tí ohùn Mummy wà? Kódà kó jẹ́ ‘ẹ káàárọ̀’ lásán?”

Mo ní kò sí. Mo ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gba nǹkan mìíràn lé e.

O ní, “Okay, Daddy, ẹ má worry.” Bí o ṣe rọra sọ ọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Ẹni ọdún márùn-ún ni o nígbà tí ìyá rẹ kú. O mọ ojú rẹ̀ nínú fọ́tò, o mọ adùn ọbẹ̀ rẹ̀ nípasẹ̀ èmi tí mo ń gbìyànjú láti sè é bí tirẹ̀, ṣùgbọ́n o kò rántí bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo ní ohun tí o ń wá, mo sì wí pé n kò ní i. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti kọjá ogún ọdún. Jẹ́ kí òtítọ́ bá a lónìí.

“Ọwọ́ Ẹni” ni a pe ètò wa. Kì í ṣe eré orí ìtàgé. Àwọn ènìyàn gidi ni a ń yà níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́: ahunṣọ, alágbẹ̀dẹ, àwọn tí ń hun ẹní, àwọn amọ̀kòkò. Sítúdíò agbègbè ni tiwa. Kámẹ́rà kan la ní, àti ọkọ̀ kan tí a ń fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀. Téèpù wọ́n débi pé bí a bá ti gbé ètò kan jáde tán, a ó tún fi téèpù rẹ̀ gba òmíràn, ìbáà ṣe ìwàásù tàbí eré bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyẹn tí irọ́ mi fi rọrùn láti gbà gbọ́. Púpọ̀ nínú “Ọwọ́ Ẹni” ti di bọ́ọ̀lù lóòótọ́.

Èmi ni olóòtú. Mo ti ti yunifásítì dé, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ó tún kù tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi. Morẹ́nikẹ́, ìyá rẹ, ni aṣèwádìí wa. Òun ló máa ń ṣáájú wa lọ sí ìlú, tí yóò wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, tí yóò bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi mọ ohun tí ó yẹ kí a bi í. Ó ní ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kékeré kan tí ó máa ń gbé kọ́ èjìká. Kásẹ́ẹ̀tì ni ó ń lò, ó sì máa ń kó wọn fún mi bí a bá ti padà dé. A kò tíì fẹ́ra nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ojú rere rẹ̀ ni, èyí tí ó mú ohun tí mo ṣe burú sí i.

A lọ sí Ìsàn-Èkìtì, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé. Ìlú náà kò jìnnà sí ìlú àwọn òbí ìyá rẹ. Ìyá àgbà tí ó rí fún wa ń jẹ́ Yèyé Ibídùn, Yèyé kò sì fẹ́ràn wa. Nígbà tí olùyàwòrán gbé kámẹ́rà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró lórí amọ̀.

“Nǹkan yìí, ojú kan ló ní?”

“Ojú kan ni, Mà.”

“Olójú kan kì í tẹjú mọ́ ènìyàn pẹ́ báyẹn. Yí i sí ibòmíràn.”

Ìyá rẹ ló lọ jókòó tì í lórí ilẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ amọ̀ náà, ó fi ìka rà á, ó ní, “Yèyé, kí lo fi pò ó tó fi kúná báyìí?”

Yorùbá ìwé ni mo fi kọ ọ́, nítorí n kò lè kọ Èkìtì rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti rí lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo “lo” yẹn dáadáa. Kò sọ pé “kí lẹ fi pò ó.” Lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn ìyá rẹ, ọmọdé lè sọ “o” sí àgbà, kì í sì í ṣe àrífín. Ènìyàn kan ni àgbà, ẹnì kan náà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀wọ̀ tiwọn wà nínú ìkúnlẹ̀, nínú ohùn, nínú ẹrù tí ọmọdé ń sáré gbà lórí àgbà. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ọ̀yọ́ ni “o” ti ń di èébú bí ó bá ti dojú kọ ẹni tó juni lọ.

Yèyé Ibídùn wò ó láti òkè délẹ̀. “O mọ̀ pé mi ò níí sọ fún ọ.”

“Mo mọ̀,” ni ìyá rẹ wí. “Mo kàn ní kí n bi ọ́, kí o lè rí ìdí lé mi.”

Yèyé bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ó ti tú ẹnu. Ó sọ bí ó ṣe kọ́kọ́ dáná sun ìkòkò fúnra rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fọ́, tí ìyá ọkọ rẹ̀ sì mú àpáàdì kan nínú àfọ́kù náà, tí ó bu ọbẹ̀ sí i fún un, tí ó ní, “Jẹun. O rí i pé kò ṣòfò.” Ó sọ èyí fún ìyá rẹ, kì í ṣe fún kámẹ́rà. Títí a fi parí, kò wo ojú kan tí kámẹ́rà ní yẹn mọ́.

Nígbà tí a padà dé sítúdíò, ọ̀gá wa wọlé wá wo iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó dé ibi ìbéèrè àkọ́kọ́, ó ní kí a dá a dúró.

“Ta ni ọmọbìnrin yìí?”

“Aṣèwádìí wa ni, sà.”

“Ilé wo ló ti wá tí ó ń sọ ‘o’ sí ẹni tó lè bí ìyá rẹ̀? Àwọn òbí yóò kọ̀wé sí wa.”

Bọ̀sẹ̀dé, Àbẹ̀kẹ́ mi, ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá gbà: “Sà, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn.” N kò sọ ọ́. Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, sà. Mo ti ní i lọ́kàn láti fi ohùn mi rọ́pò rẹ̀.” N kò ní i lọ́kàn rí. Ẹ̀rù ló ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Àwọn ìbéèrè náà dára ṣá. Ta ló kọ wọ́n?”

Mo ní èmi ni.

Mo wọ yàrá ohùn, mo sì béèrè gbogbo ohun tí ìyá rẹ ti béèrè. “Yèyé, kí lẹ fi pò ó tó fi kúná báyìí?” “O” ni mo sọ di “ẹ”, ìyẹn nìkan. Ohùn mi dára nígbà náà. Ó jinlẹ̀, ó mọ́, kò sì sí ìlú kankan nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fún mi ní orúkọ tí mo ṣì ń jẹ́ títí mo fi dé Dagenham.

Lọ́jọ́ tí ètò náà jáde, àwọn ará Ìsàn péjọ sí ilé ọ̀gá iléèwé kan tí ó ní tẹlifíṣọ̀n. Ìyá rẹ wà láàrin wọn, òun ló sọ bí ó ṣe rí fún mi. Inú Yèyé Ibídùn dùn sí ìkòkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti gbọ́ ohùn mi, ó bojú wẹ̀yìn.

“Ọkùnrin wo ló wà ní àgbàlá mi tí mi ò rí?”

Wọ́n ní olóòtú ni.

“Ó ní kí lẹ fi pò ó. Èmi àti ta ni? Ta ni ẹnì kejì tí ó fẹ́ bá mi pín ìkòkò mi?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Yèyé wá yíjú sí ìyá rẹ. “Morẹ́nikẹ́, ìwọ ńkọ́? Ìwọ lo jókòó tì mí. Ibo ni wọ́n gbé ọ sí?”

Ìyá rẹ wọ ọkọ̀ wá bá mi lọ́fíìsì. Kò pariwo.

“Ohùn mi kò wù ọ́?”

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ló ní àwọn òbí yóò kọ̀wé.”

“Kí ni ìwọ wá sọ?”

“Kí ni kí n sọ? Ọ̀gá ni.”

“Ó dáa. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì mi dà?”

Mo ní wọ́n ti gba nǹkan mìíràn lé wọn. Bí mo ti ń sọ ọ́, wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, orúnkún mi sì kàn án. Mo fi wọ́n pamọ́ nítorí ẹni tó bá gbọ́ wọn yóò mọ ẹni tí ó ni àwọn ìbéèrè náà. Lẹ́yìn tí ẹ̀rù náà lọ, ojú kò jẹ́ kí n mú wọn jáde. N kò sì lè sọ wọ́n nù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé wọn kiri, láti ilé dé ilé, títí mo fi gbé wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú.

O lè béèrè ìdí tí ó fi fẹ́ mi. Èmi náà bi í léèrè rí. Ó ní, “O mọ ọbẹ̀ sè.” Ó fi sítúdíò sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dárí ọ̀rọ̀ ohùn náà jì mí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ nípa àwọn kásẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ẹni tí ó lè dárí ohun tí kò mọ̀ jini.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, ojú rẹ ló sì ṣe, bí o kò tilẹ̀ rántí. Èkìtì ni ìyá rẹ fi ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí a ti bí ọ. Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ní gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń yá lò nígbà náà láàrin àwọn ilé ẹrù ní ẹ̀bá odò, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ bẹ̀rẹ̀ láti kí ọ. O na bísíkítì ọwọ́ rẹ sí i, o ní, “Bàbá, o ti jẹun?”

Bàbá náà gba bísíkítì, ó ní, “Mo ti jẹun, ọmọ mi, ṣùgbọ́n n ó jẹ tìrẹ.” Ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi pé, “Ọmọ Ohùn nìyẹn o. Ẹ gbọ́ Yorùbá rẹ̀.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a délé, mo ní kí ìyá rẹ má ṣe sọ Èkìtì sí ọ mọ́. Mo ní àwọn ènìyàn yóò sọ pé a kò kọ́ ọ. Ó ń rẹ́ ilá. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ọmọ náà fún àgbàlagbà ní oúnjẹ ẹnu rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo ló tún kù?”

Mo tẹnu mọ́ ọn títí ó fi gbà. Láti ọjọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń bá ọ sọ̀rọ̀. Kò sí àwàdà nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Kò lè fi ṣe ẹ̀fẹ̀, kò lè fi kẹ́ ọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àìsàn dé. Ọdún tí ì bá fi sọ ohun gbogbo fún ọ, “put your shoes on” àti “mind the road” ni ó fi sọ. Èmi ni mo fà á. Bí àwọn ènìyàn bá bá mi kẹ́dùn pé o kò gbọ́ èdè ìyá rẹ, n kì í lè wo ojú wọn.

Mo ti jẹ́wọ́. Wàyí, gbọ́ ìmọ̀ràn, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣòfò.

Èkíní ni ti bàbá olùṣọ́-àgùntàn yín. Jẹ́ kí ó sọ èdè rẹ̀. Kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán, kí ẹni tí kò gbọ́ kà á. Bí ọ̀gá rẹ bá ní àwọn òǹwòran kò níí fara dà á, sọ gbólóhùn tí èmi kò lè sọ: “Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn.” Má bínú sọ ọ́, má sì tọrọ àforíjì kí o tó sọ ọ́. Ó lè kọ̀. Bí ó bá kọ̀, ọwọ́ rẹ mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo tí yóò sọ ọ́ ni òun náà ń dúró dè. Mo sábà máa ń rò ó pé ọ̀gá tèmi ì bá gbà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. N kò fún un láyè láti ṣe rere ni.

Èkejì, má ṣe yọ ìbéèrè kúrò kí o wá fi ìdáhùn nìkan sílẹ̀. Ìdáhùn kì í dá rìn. Ẹni tó bá mọ èèyàn bi ló mú ọ̀rọ̀ jáde, òun náà sì wà nínú iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a ya àwòrán rẹ̀. Bí o bá jẹ́ ẹni tó béèrè, jẹ́ kí a gbọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kékeré kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ni, jẹ́ kí a gbọ́ òun, kí orúkọ rẹ̀ sì jáde ní ìparí.

Orúkọ gan-an ńkọ́. Ní ìparí “Ọwọ́ Ẹni”, orúkọ mi ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ti ọ̀gá tẹ̀lé e. Ẹni tí ń gbé iná, awakọ̀ tí ń fi okùn so ilẹ̀kùn, a kì í kọ tiwọn. Ti ìyá rẹ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè ohun tí ó ṣe. Ìwọ, kọ orúkọ gbogbo wọn. Kọ ọ́ bó ṣe yẹ, kí o bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é. Ìwọ mọ bí ó ṣe ń rí lára nígbà tí ènìyàn bá pe Bọ̀sẹ̀dé bí ẹni ń jẹ egungun ẹja.

Padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí o yà. Èyí ṣe pàtàkì. Gbé iṣẹ́ náà lọ kí wọ́n wò ó, kí o jókòó pẹ̀lú wọn bí wọ́n ti ń wò ó. Bí wọ́n bá fún ọ ní tíì, mu ún, ìbáà tutù. Èmi kò padà sí Ìsàn. Ìyá rẹ ló lọ jókòó láàrin wọn, òun ni ojú tì, ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀rù: o níláti mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá wọ aṣọ ohun tó dára. Ẹ̀rù ọ̀gá ni mo pè ní ọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ̀rù ẹ̀sín ni mo pè ní ẹ̀kọ́ ilé. Gbogbo ìgbà tí ó bá dà bí ẹni pé ìwà rere ń sọ pé kí o pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́, dúró díẹ̀, kí o tún un wò.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan nípa ọmọkùnrin tí o mú wá kí mi ní Àjíǹde. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ ata mi láì sunkún, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́tí sí i nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ní “a ṣe é” níbi tí ìwọ nìkan ti ṣe é, wò ó dáadáa. Bí ó bá ní “ó ṣe é”, tí ó sì ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ọ, máa mú un bọ̀, n ó sè sí i.

Jẹun láàárọ̀. Ra bàtà tí omi kò níí wọ̀. Máa gbàdúrà bó tilẹ̀ kúrú.

Àbẹ̀kẹ́ mi, má rò pé ìbànújẹ́ ni mo fi ń kọ gbogbo èyí. Mo rántí fíìmù kékeré tí o ṣe nígbà tí o wà ní yunifásítì, nípa ìyá Òyìnbó tí ó máa ń jókòó nítòsí àwókù Abbey, ilé ìsìn àtijọ́ tó wà ní Barking, tí ń fún ẹyẹlé ní búrẹ́dì. Ó sọ fún ọ pé òun kò fẹ́ràn kí wọ́n máa ya òun. O ní, “Then why are you posing?” Ó rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín, o sì fi méjèèjì sílẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Mo jókòó lẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn, orí mi wú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ ti gba ọ̀nà ibòmíràn dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń retí ohun rere láti ibi tí o wà yẹn.

Ní Àìkú yìí, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí, mo dìde, mo sì sọ fún ìjọ ẹni tí ó béèrè àwọn ìbéèrè inú “Ọwọ́ Ẹni”, àti ìdí tí wọn kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú àwọn ojúgbà mi tọ̀ mí wá níbi ìkó-bàtà-sí. Ó ní, “Tóò, kí la ó wá máa pè yín báyìí?” Mo ní kí wọ́n máa pè mí ní Etí. Ó ní, “Ó pẹ́ kó tó yọ,” ó sì bá mi wá bàtà mi.

Mo ti gbé àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà lọ bá ọkùnrin kan ní Ilford tí ó mọ bí a ṣe ń gbé ohùn àtijọ́ sórí ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ó fi ẹ̀rọ sí mi létí, kí n lè mọ̀ bóyá ó gbé e dáadáa. Mo gbọ́ àkùkọ. Mo gbọ́ ìyá rẹ tí ó ń dárúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ìlú náà, tí ó sì wúkọ́. Mo yọ ẹ̀rọ náà kúrò. Ohùn náà ṣì mọ́, kò bàjẹ́. Àwọn ohun tí ó sọ pọ̀ níbẹ̀, mo sì mọ díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n n kò níí sọ wọ́n fún ọ. Bí mo bá sọ ọ́, ohùn mi ni yóò tún bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wà nínú páálí tí o bá lẹ́tà yìí nínú rẹ̀: àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sí lára, àti ohun kékeré tí o ó fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ. Ọkùnrin ará Ilford yẹn bi mí bóyá kí òun ṣe ẹ̀dà kan fún mi. Mo ní kí ó má ṣe é, mo sì ní kí ó pa èyí tó wà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ rẹ́ níṣojú mi. Kò sí ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́. Bí o bá fẹ́ kí n tún gbọ́ ìyá rẹ kí n tó kú, ìwọ ni yóò pè mí pé kí n wá jókòó. Bí o kò bá sì fẹ́, n kò níí béèrè.

Tìrẹ ni, Bọ̀sẹ̀dé. Gbà á.

Bàbá rẹ